Sinimá "Jagun Jagun": Ohun Tó Dára Níbẹ̀ àti Ohun Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Ọ̀rọ̀ sinimá ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí sinimá, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá láti polówó rẹ̀. Ohun tí a rí lọ́jọ́ Sátidé kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ni ó mú wa kọ ọ́, nítorí ọmọdé kan bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè níbẹ̀, ìbéèrè náà sì pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́.

Òjò ni ó ká wa mọ́ ọjà. Bí òjò bá dé lójijì, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe ju kí ó yà sí ìsọ̀ tó bá súnmọ́ ọn jù lọ. Ìsọ̀ Àlàájà kan tó ń ta èlùbọ́ àti ìrẹsì ni àwa yà sí, àwa bí méje tàbí mẹ́jọ: bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n wá ra isu, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbàárù kan, àti àwọn mìíràn. Ọmọ Àlàájà, ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá, jókòó lórí àpò ìrẹsì. Ó gbé tẹlifóònù ìyá rẹ̀ ti kóńgò èlùbọ́, ó ń wo sinimá "Jagun Jagun". Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi na ọrùn sí i.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ni ó gbé sinimá yìí jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, orí Netflix sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ wò ó. Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ àti Adébáyọ̀ Tìjání ni wọ́n darí rẹ̀. Ìtàn ayé àtijọ́ ni, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gbọ́tìjà, èyí tí Lateef Adédiméjì ṣe, fẹ́ di akọni jagunjagun. Agbára rẹ̀ kì í ṣe agbára ènìyàn lásán, nítorí pé igi máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó lọ sí àgọ́ olórí ogun kan tí ń jẹ́ Ogundìjì kí wọ́n lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ ogun. Fẹ́mi Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ogundìjì. Ibẹ̀ ni Gbọ́tìjà ti pàdé ìfẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti pàdé ìkà. Ọmọbìnrin Ogundìjì, tí Bùkúnmi Olúwásinà ṣe, ni ó fẹ́ràn. Orúkọ ọmọbìnrin náà ni Ìròyìnogunkìtán, tí wọ́n ń pè ní Kìtán. Ẹni tó bá ronú sí orúkọ náà yóò mọ irú ilé tí wọ́n bí i sí.

Àsọdùn kò wọ́n nínú eré náà. Bí Ogundìjì bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ bú ramúramù. Bí ẹnìkan bá fẹ́ jà, yóò ka ara rẹ̀ ní oríkì tán, yóò kọrin tán, kí ó tó yọ idà. Àwọn ọkùnrin ń fò lókè bí ẹyẹ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin oníṣu náà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Irọ́ ńlá! Ta ní ń pariwo báyìí kó tó jà? Ọ̀tá yóò ti sá délé kó tó parí ọ̀rọ̀!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Bàbá tó ń tún bàtà ṣe ní tiwọn àtijọ́ ju èyí lọ. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ọ̀dọ́, "Aiyé" tí Hubert Ògúndé ṣe ni òun lọ wò, àwọn tó jókòó ti òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sá jáde nígbà tí àjẹ́ yọ sí wọn. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọdún 1979 ni "Aiyé" jáde, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, Ògúndé sì ṣe babaláwo tí ń bá àwọn àjẹ́ jà. Wọ́n gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, bí Ògúndé ti ń gbé eré orí ìtàgé rẹ̀ kiri láti ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ìjà ọfọ̀ àti akọni tí agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀dá lọ kì í ṣe ohun tuntun nínú sinimá Yorùbá. Bí ọmọ òde òní bá ń wo Gbọ́tìjà, ọmọ Ògúndé ni ó ń wò.

A ń rẹ́rìn-ín báyìí nígbà tí ọmọ Àlàájà yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá ní òkígbẹ́, àdá kò ní ràn án?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ọmọ kíláàsì mi kan ni. Ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní ká jọ lọ."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Kò sí ẹni tó dáhùn, àfi òjò tó ń rọ̀ lórí páànù.

Ẹ̀yin òbí, kò sí ẹni nínú wa tí kò mọ ìdí tí a fi dákẹ́. Ìwé ìròyìn Nàìjíríà ti sọ irú rẹ̀ kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba oògùn àyẹ̀ta, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun yìnbọn fún òun kí wọ́n lè dán an wò, ibẹ̀ ni ẹ̀mí sì bọ́ sí. Ní ọdún 2018, ní Ìpínlẹ̀ Ímò, oníṣègùn tó ṣe oògùn náà gan-an ni ó so ó mọ́ra rẹ̀ tó sì ní kí ẹni tó wá rà á yìn ín níbọn. Òun náà kú. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí bèèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣé kí a wá ní sinimá ló burú ni? Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wò ó, kí a mú èyí tó dára kúrò nínú èyí tí kò dára, bí a ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

OHUN TÓ DÁRA NÍBẸ̀

Èkíní ni èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò lè sọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta láì fi Gẹ̀ẹ́sì là á. Nínú "Jagun Jagun", Yorùbá ni wọ́n fi ń bínú, òun ni wọ́n fi ń tọrọ àforíjì, òun ni wọ́n sì fi ń fẹ́ra wọn. Òwe wà níbẹ̀, oríkì wà níbẹ̀. Ọmọ Àlàájà tí a ń sọ yìí bi bàbá oníbàtà ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Olùkọ́ wo ni ó lè mú ọmọ ọdún mọ́kànlá bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé?

Èkejì ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i. Aṣọ wọn kì í ṣe aṣọ tí a sáré yá ní àdúgbò. Orin rẹ̀ dùn, àwọn òṣèré rẹ̀ sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ibrahim Yekini, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Itele, ṣe jagunjagun kan tí ń jẹ́ Gbógunmì. Kò pẹ́ púpọ̀ nínú eré, síbẹ̀ òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin alágbàárù náà ń fara wé nígbà tí òjò dá, tó gbé àpò isu lérí tó ń rìn bí olórí ogun.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Ogundìjì ní ọmọ ogun, ó ní oògùn, ó ní okìkí. Àwọn tí ń du oyè ń wá bẹ ogun lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá ra èlùbọ́. Síbẹ̀ kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń gbéra sókè ni ó ń di ọ̀tá lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kí ó fi yangàn, òun ni ó ń bẹ̀rù. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ ogun, kò sì fẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn wa, nítorí kò jìnnà sí ilé. Ǹjẹ́ a kò mọ ọ̀gá tí kò fẹ́ kí ọmọṣẹ́ òun gba òmìnira? Ọmọ ti sin ín fún ọdún márùn-ún, ọjọ́ òmìnira ku oṣù kan, ọ̀gá wá ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ǹjẹ́ a kò mọ ìyálé tí ó ń rí ọjà ìyàwó tí ń tà tí inú rẹ̀ sì bàjẹ́? Ìwà Ogundìjì ni gbogbo rẹ̀. Sinimá náà fi hàn pé ẹni tí ń fi agbára dẹ́rù ba ayé, ẹ̀rù ni ó ń ba òun alára. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, àsọdùn inú eré náà sì mú kí ó tètè yé ọmọdé. Ariwo tí Ogundìjì ń pa jẹ́ kí a rí i pé ìbẹ̀rù ló ń bò mọ́lẹ̀.

OHUN TÓ KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ

A kò gbọdọ̀ tìtorí oyin jẹ ìdà oyin. Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé sinimá náà gùn. Ó ju wákàtí méjì lọ, àwọn ìjà kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá lọ ṣe àlùwàlá tó sì padà dé kò ní mọ̀ pé òun pàdánù ohunkóhun.

Èyí kì í ṣe àléébù ńlá. Àléébù ńlá ni ẹ̀jẹ̀. Sinimá náà ní ìkà ni Ogundìjì, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jù. Ibẹ̀ ni ìlù ti ń dún kíkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wa rìn wò láti ẹ̀yìn dé iwájú. Abàmì ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agẹmọ, ohun ìjà Ogundìjì ni, bí ó bá sì ti yọ, ikú dé nìyẹn. A kò ní sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wo eré náà. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé bí Agẹmọ bá ti yọ, àwọn ọmọdé ń hó yèè. Ẹni tí sinimá ní kí a kórìíra ni wọ́n ń hó fún. Níbí yìí, ẹnu eré àti ojú eré kò sọ ohun kan náà.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ní àsọdùn tiwọn. Ní ọdún 1966, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe sinimá Batman kan, Adam West ni ó ṣe akọni náà. Eré ẹ̀rín ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹja ekurá gbé akọni ní ẹsẹ̀ nígbà tó rọ̀ sórí àkàbà hẹlikópítà, ó sì ní oògùn inú agolo kan tí ó fi lé ẹja! Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí Batman ti gbé bọ́ǹbù tí iná ti ràn lọ́wọ́, tí ó ń sáré kiri etíkun, tí kò rí ibi tí yóò jù ú sí. Ó yà sí ọ̀tún, obìnrin kan ń ti ọmọ ìkókó bọ̀. Ó yà sí òsì, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ń lọ. Ó wo inú omi, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀. Ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ọmọ tó wò ó yóò mọ ohun kan: akọni ni ẹni tí kò fẹ́ kí aláìṣẹ̀ kú, kódà kí ó jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Àsọdùn lè gbé àánú bẹ́ẹ̀ tó bá wu ẹni tó ṣe é. Àsọdùn ti "Jagun Jagun", idà ni ó gbé púpọ̀ jù.

Àléébù kẹta ni ọ̀rọ̀ ogun fúnra rẹ̀. Nínú sinimá, ẹni tí oògùn rẹ̀ bá jinlẹ̀ jù ni ó ń ṣẹ́gun, ikú alágbára kan sì ti tó láti parí ogun. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ogun ṣe rí ní ilẹ̀ Èkìtì tí a jókòó sí yìí. Ogun Kírìjì tí àwọn baba ńlá wa bá Ìbàdàn jà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ọdún 1893 ni àgọ́ tó tú tán pátápátá. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko! Akọni kò wọ́n nínú ogun náà. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí wà níbẹ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó sì jẹ́ olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Àwọn náà ní oògùn, àwọn tí wọ́n ń bá jà sì ní tiwọn. Síbẹ̀, ìró ìbọn ńlá tí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó bá wọn wá ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí àgọ́ ní ọdún 1885, ogun kò tìtorí rẹ̀ parí. Ìwé àdéhùn tí wọ́n jókòó kọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlááfíà wá, lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ ti rìn láti àgọ́ kan sí èkejì. Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, wà lára àwọn oníṣẹ́ náà. Ẹni tó gbé lẹ́tà la àárín àgọ́ ogun méjì kọjá láì gbé idà, ṣé òun kì í ṣe akọni ni? Irú akọni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú sinimá wa, nítorí kò ní ariwo.

Àléébù kẹrin ni ó bí ìbéèrè ọmọ Àlàájà. Nínú irú eré yìí, oògùn kì í kùnà àfi bí oògùn mìíràn bá borí rẹ̀. Ọmọ kò rí ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ tí egbò rẹ̀ kẹ̀. Kò rí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé òkígbẹ́ tí wọ́n gbé relé pẹ̀lú ọwọ́ kan. Àgbàlagbà mọ̀ pé eré ni, ó sì mọ̀ pé Ọlọ́run nìkan ni ó ń dá ẹ̀mí sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò tíì mọ ibi tí eré parí sí.

KÍ NI KÍ ÒBÍ ṢE?

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà. Lórí Netflix, nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sinimá tí ń sọ iye ọdún tó yẹ kí ènìyàn jẹ́ kó tó wò ó, òbí sì lè fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tí kò yẹ fún ọmọ. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 ti dá àjọ tí ń yẹ sinimá wò sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti sọ èyí tó wà fún ọmọdé àti èyí tó wà fún àgbà. Ṣùgbọ́n sinimá tí ọmọ gbà láti tẹlifóònù ẹnìkan sí ti ẹlòmíràn kì í ní nọ́ńbà kankan lára. Ojú ìyá ni nọ́ńbà rẹ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ nìkan dá a wò. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́sàn-án, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá kírun Iṣáì tán, kí ẹ jọ jókòó. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀, ẹ fò ó. Bí ó bá parí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ: Kí ló dé tí Ogundìjì kò lè sùn? Ta ni ó ṣàánú nínú wọn? Ẹ ó rí i pé ọmọ yóò dáhùn ju bí ẹ ti rò lọ. Sinimá tí a jọ wò tí a sì jọ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í lè ṣi ọmọ lọ́nà bọ̀rọ̀.

Àlàájà inú ọjà náà kò ka ìwé kankan kó tó mọ èyí. Lẹ́yìn tó ti dákẹ́ díẹ̀, ó gba tẹlifóònù, ó sì pa á. Ó ní, "Jókòó dáadáa. Àwọn tí o rí tí wọ́n kú yẹn, wọ́n ti dìde, wọ́n ti gba owó wọn, wọ́n ti lọ sílé lọ jẹun. Ẹ̀jẹ̀ yẹn, omi aró ni. Idà yẹn kò mú." Ó wá na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ọmọ náà. Àpá kan wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. "Ọ̀bẹ tí mo fi ń ya àpò ni ó ṣe èyí. Òun mú. Kò bèèrè bóyá mo ní òkígbẹ́."

Ọmọ náà fọwọ́ kan àpá náà, kò sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta lo fẹ́ jẹ́ nínú wọn?"

"Gbọ́tìjà."

"Kí nìdí?"

"Nítorí pé igi ń gbọ́ tirẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àpótí wa wà nínú òjò níta yẹn, igi ni. Pè é kó wọlé."

Ọmọ náà wo àpótí, ó wo ìyá rẹ̀. Ó pariwo bí Gbọ́tìjà, "Àpótí, wọlé wá!" Àpótí kò mira. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, òjò túbọ̀ ń lu àpótí. Ni ó bá bọ́ sínú òjò, ó gbé e wọlé, omi ń kán lára àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín pa wá débi pé bàbá oníbàtà yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nu.

Àlàájà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí ó ti ń wọn èlùbọ́ fún wa, ó bi ọmọ náà ní orúkọ ọmọ kíláàsì tó mọ ibi tí wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́, ó sì bèèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó ní bí ó bá di Mọ́ńdè, kí òun tó ṣí ìsọ̀, òun yóò lọ kí i.